Iná Kejì lórí Oríkèé Irin: Láti Èbúté Mẹ́tà dé Mushin

Ìtàn iṣẹ́ irin ní Mainland Èkó kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn jórinjórin tí ó wà káàkiri Mushin lónìí. Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìdó, Èbúté Mẹ́tà sì ni ilé iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin fìdí kalẹ̀ sí. Àwọn òpìtàn máa ń rántí ibẹ̀ nítorí Michael Imoudu àti ìdaṣẹ́sílẹ̀ 1945. Wọn kì í sábà mẹ́nu kan àwọn ìkòkò oru tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ń tún ṣe. Ìṣó gbígbóná ni a fi ń kan awẹ́ irin ìkòkò ayé ìgbà náà pọ̀, a kì í yọ́ wọn pọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún kò tíì sí: nígbà wo ni ó di dandan kí a tún dáná sí oríkèé páìpù lẹ́yìn tí a ti jó o pọ̀ tán?

Ìjórin ni ó bí ìbéèrè náà. Bí iná bá yọ́ ẹnu páìpù méjì, ibi tí ó yọ́ yóò fẹ́ súnkì bí ó ti ń tutù, ṣùgbọ́n ara irin tí kò gbóná kò ní gbà fún un. Ìfà náà yóò wà nínú irin, ojú kò sì ní rí i. Bí irin bá nípọn, yóò fa ooru lọ kíákíá, ẹ̀gbẹ́ oríkèé náà yóò sì le débi pé ó lè sán. Èyí kò ṣàjèjì sí alágbẹ̀dẹ. Irin líle tí ó bá pọ́n, tí a sì rì bọ omi, yóò le. Èyí tí a bá fi sínú eérú kí ó tutù díẹ̀díẹ̀ yóò rọ̀. Òfin B31.3 ti Amẹ́ríkà sọ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ di òǹkà: fún irin lásán, 595 sí 650 lórí òṣùwọ̀n Celsius (ìgbà tí irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú), fún nǹkan bí wákàtí kan lórí mìlímítà 25 kọ̀ọ̀kan.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìnípọn tí ó ju mìlímítà 19 lọ ni ó ń sọ iná kejì di dandan fún irin lásán. Ní 2014, a dẹ òfin náà fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú irin nínípọn gbóná, tí ó sì jó o ní ìpele ìpele. Òǹkà náà kì í ṣe àdáyébá. Ènìyàn ni ó gbé e kalẹ̀.

Ìnípọn nìkan sì kọ́. Irin tí a po chromium àti molybdenum mọ́, irú èyí tí ń gbé oru ní ilé iṣẹ́ mànàmáná, sábà máa ń fẹ́ iná kejì bí kò tilẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń gba inú irin kọjá náà ń bẹ níbẹ̀. Ní ilé ìfọpo kan ní Romeoville, Illinois, a pààrọ̀ apá kan àgbá gíga ní 1974, a kò sì tún dáná sí oríkèé rẹ̀. Háídrójìn wọ ẹ̀gbẹ́ oríkèé líle náà, ó sì là. Ní July 23, 1984, ènìyàn 17 kú.

Géètì àti ìdè fèrèsé tí a ń jó ní Mushin kò nípọn débi tí òfin yóò fi béèrè iná kejì, kò sì tọ́ kí a fi èyí dá jórinjórin lẹ́bi. Ewu wà nígbà tí a bá pe ọwọ́ kan náà sí páìpù oru ilé iṣẹ́. Ògbufọ̀ iná ọwọ́ rẹ̀ kò lè di gbogbo àyíká irin nínípọn mú ní 600 fún wákàtí kan. Ẹ̀rọ tí ń wọn ooru ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Irú irin tí ó jẹ́ àti ohun tí ń gba inú rẹ̀ kọjá kò hàn sí i lójú. Ẹni tí ó ni páìpù ni ó mọ̀ ọ́n, òun ni ó sì yẹ kí ó sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.