Ilẹ̀ àti Orúkọ nínú Ìtàn Ìtẹ̀dó Gee's Bend ní Àgbègbè Wilcox, Alabama

Ìfáàrà
Ọdún 1819 ni a dá àgbègbè Wilcox sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù Amẹ́ríkà, lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn Creek tẹ́lẹ̀ rí. Gee's Bend wà níbi tí odò Alabama ti yí ilẹ̀ po ní ọ̀nà mẹ́ta. A sábà máa ń sọ pé odò tí ó há àwọn ará ibẹ̀ mọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n tú ká. Àlàyé yìí kò tó. Ilẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀.

Ìtẹ̀dó
Ní 1816 ni Joseph Gee, aláwọ̀ funfun láti North Carolina, kó ẹrú débẹ̀. Ní 1845, àwọn ẹbí rẹ̀ fi ilẹ̀ náà san gbèsè fún Mark Pettway. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹrú ni Pettway kó wá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Níhìn-ín, ẹni tí ó ni ilé ni a wò. Pettway ni ọ̀pọ̀ ìdílé ibẹ̀ ń jẹ́ títí di òní.

Ilẹ̀
Oko-ẹrú parí ní 1865, ṣùgbọ́n oko olóko ni wọ́n ṣì ń ro. Ní 1932, àwọn ẹbí olówó kan tí ó kú kó ẹran ọ̀sìn, ohun èlò àti oúnjẹ wọn nítorí gbèsè. Ní 1937, ìjọba àpapọ̀ ra ilẹ̀ náà, ó sì tà á fún àwọn ìdílé ibẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1940.

Èyí ni ó fa ìyàtọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1965, kò sí ènìyàn dúdú kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìdìbò Wilcox, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ó pọ̀ jù. Níbòmíràn ní àgbègbè náà, onílẹ̀ lè lé ẹni tí ó bá fẹ́ dìbò; a kò lè lé onílẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tí a lè ṣe fún un ni kí a dí i lọ́nà: a ti dá ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé wọn sọdá sí Camden, olú-ìlú àgbègbè, dúró ní 1962, ọdún 2006 ni ó padà.

Ìgúnlẹ̀
Odò tí a ní ó pa wọ́n mọ́ náà ni ó bo púpọ̀ nínú ilẹ̀ oko wọn nígbà tí a dí i ní Miller's Ferry ní òpin àwọn ọdún 1960. Síbẹ̀, ìletò náà kò parẹ́. Orúkọ wọn, ẹlòmíràn ni ó fún wọn. Ilẹ̀ wọn, àwọn fúnra wọn ni ó rà á.