Ta Ni Yóò Sọ Pé Kí A Padà? Ìtàn Afinimọ̀nà Láti Ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí Dé Orí Òkè Mont Blanc

Ní Kpoulou àti ní gbogbo ìgbèríko Adja-Ouèrè, ilẹ̀ méjì ni a mọ̀. Ilẹ̀ pupa ni èyí tí a kọ́ ilé sí, tí a sì gbin àgbàdo àti ọ̀pẹ sí. Ilẹ̀ dúdú ni ti àfonífojì ńlá tí ó wà lápá àríwá wa, tí ó la gúúsù orílẹ̀-èdè Benin já láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn. Àwọn Potogí sọ apá àárín rẹ̀ ní Lama, èyí tí í ṣe ẹrẹ̀ ní èdè wọn. Kò ni àwọn Fọ̀n ń pè é, ẹrẹ̀ náà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Apá ìlà-oòrùn ni ilé àwọn Ọ̀họ̀rí, tí àwọn Faransé ń kọ orúkọ wọn ní Holli. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, amọ̀ ibẹ̀ a gbẹ, a sì là débi tí ẹsẹ̀ lè há sí i. Nígbà òjò, amọ̀ kan náà a mumi yó, a wú, a sì di irà.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ la ilẹ̀ yìí kọjá a kọ́kọ́ bi oṣù léèrè kí ó tó bi ọ̀nà. Ó ní ọjọ́ tí ọ̀nà jẹ́ ọ̀nà, ó sì ní ọjọ́ tí ó jẹ́ ọ̀fìn. Ọmọ ibẹ̀ ni ó mọ ìyàtọ̀, tí ó mọ ibi tí ilẹ̀ gbé ga díẹ̀ àti ibi tí koríko bo omi mọ́lẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí àwọn Ọ̀họ̀rí kọ owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó àwọn ọ̀dọ́ lọ sójú ogun, irà yìí ni odi wọn. Ìjọba Faransé ní ìbọn, ó ní ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n fún apá tí ó pọ̀ nínú ọdún, ilẹ̀ náà kò gba ọmọ ogun wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ ìtàn ìdìtẹ̀ náà sínú ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn Òyìnbó, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kúnnákúnná rẹ̀ lọ kà á níbẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ mú jáde: ẹni tí ó mọ ilẹ̀ ni ó ní àṣẹ lórí ìrìn àjò, ìbáà ṣe pé ẹlòmíràn ni ó gbé ìbọn.

Ọ̀ràn yìí kàn wá nísinsìnyí ní ọ̀nà tí àwọn baba wa kò rò. Àwọn ọmọ wa ń kàwé, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní Grenoble àti ní Lyon, nítòsí àwọn òkè Alpes tí òjò dídì ń bò. Ní 2014, Tógò, aládùúgbò wa, kópa nínú Ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Sochi. Ní 2022, Samuel Ikpefan fi síkì sáré fún Nàìjíríà ní Beijing. Síkì, igi pẹlẹbẹ gígùn tí a ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí òjò dídì, kì í ṣe ohun àjèjì fún gbogbo ọmọ wa mọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà eré tí a ti tẹ́, tí a sì ń ṣọ́, yàtọ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́. Níbẹ̀, òjò dídì a máa ya lulẹ̀ lójijì bí etí odò ti ń ya, a sì bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀jáfáfá ń lọ síbẹ̀ láìmú afinimọ̀nà dání. Àṣà yìí ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òkú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1820, onímọ̀ kan tí ó ti Rọ́ṣíà wá, Dókítà Joseph Hamel, fẹ́ gun Mont Blanc, òkè tí ó ga jù lọ ní Alpes. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì láti Oxford bá a lọ, pẹ̀lú àwọn afinimọ̀nà ará Chamonix. Ojú ọjọ́ burú. Wọ́n há sórí àwọn àpáta Grands Mulets, òjò dídì tuntun sì ń rọ̀ lé ti àtijọ́ lórí. Àwọn afinimọ̀nà fẹ́ kí wọ́n padà. Àlejò tí ó sanwó kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà wọ́n gòkè lọ, òjò dídì tuntun náà sì ya lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó gbá afinimọ̀nà mẹ́ta, Pierre Balmat, Pierre Carrier àti Auguste Tairraz, sínú kòtò yìnyín. Àwọn àlejò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀ kalẹ̀ láàyè.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí. Afinimọ̀nà wà, àní, wọ́n pọ̀. Ìmọ̀ ilẹ̀ wà lẹ́nu wọn. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn ni àṣẹ láti sọ pé kí a padà. Nílẹ̀ Ọ̀họ̀rí, ìmọ̀ àti àṣẹ wà lọ́wọ́ kan náà. Ní Chamonix, owó ti yà wọ́n nípá.

Ní 1821, àwọn ará Chamonix dá ẹgbẹ́ afinimọ̀nà sílẹ̀, Compagnie des guides, tí ó wà títí di òní. Savoie kò tíì bọ́ sábẹ́ Faransé nígbà náà. Ọba Sardinia ni ó ni ín. Ẹgbẹ́ náà ń pín iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkàn-sí-kíkàn, ó sì dá àpò owó fún ìdílé ẹni tí ó bá kú. Òfin wá pọ̀: fún Mont Blanc, afinimọ̀nà mẹ́rin ni fún àlejò kan. Nígbà tí Albert Smith, ará Lọ́ńdọ̀nù, gun òkè náà ní 1851 pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn, afinimọ̀nà mẹ́rìndínlógún ni ó tẹ̀ lé wọn. Lójú tèmi, ààbò nìkan kọ́ ni òfin yìí wà fún. Oúnjẹ àwọn ará abúlé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n owó náà wúwo fún àlejò. Ní 1855, Charles Hudson, àlùfáà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àti E. S. Kennedy pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gba ọ̀nà Saint-Gervais gun Mont Blanc láìní afinimọ̀nà. Wọ́n fi ìwé ròyìn rẹ̀, àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn. Hudson fúnra rẹ̀ kú lórí òkè Cervin ní 1865, lọ́jọ́ tí afinimọ̀nà wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìtàn kì í sábà tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ fi í kọ́ni.

Ẹni tí ó bá ń lọ láìní afinimọ̀nà gbọ́dọ̀ rí ìmọ̀ gbà níbòmíràn. Ó pẹ́ kí ìmọ̀ yẹn tó kúrò lẹ́nu àwọn ará òkè bọ́ sínú ìwé. Ní àwọn ọdún 1930 ni àwọn ará Switzerland bẹ̀rẹ̀ ìwádìí òjò dídì lókè Davos. Ní Faransé, ìbànújẹ́ ni ó ti iṣẹ́ náà síwájú: ní òwúrọ̀ ọjọ́ 10 oṣù kejì 1970, ní Val-d'Isère, òjò dídì ya wọ ilé ìsinmi àwọn ọ̀dọ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹun òwúrọ̀, ènìyàn 39 sì kú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a dá ANENA sílẹ̀ ní Grenoble, àjọ tí ń kọ́ni nípa òjò dídì àti yíya rẹ̀. Ní 1993, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fẹnu kò lórí òṣùwọ̀n ewu kan ṣoṣo, láti 1 dé 5. Ẹ kíyè sí 3. Ní ọjọ́ 4 àti 5, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í jáde; ọjọ́ 3 ni ó ń pa ènìyàn jù, ọjọ́ tí àwọn Faransé ń pè ní marqué, tí etí ń gbọ́ bí ẹni pé àárín lásán ni.

Báwo ni àwọn ọ̀jáfáfá ṣe ń múra ọjọ́ kan ní ìgbà ìrúwé? Alẹ́ tí ó ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, lórí tábìlì. Wọn a ka ìkéde ewu tí Météo-France ń gbé jáde. Wọn a tẹ́ àwòrán ilẹ̀, wọn a sì wá ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti tó ìwọ̀n dígírì 30, nítorí láti ibẹ̀ lọ ni ewu yíya ti pọ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn a bi òru léèrè. Ní ìgbà ìrúwé, oòrùn ọ̀sán a máa yọ́ ojú òjò dídì. Bí òru bá mọ́ kedere láìsí ìkùukùu, ó tún dì, ojú rẹ̀ a sì le bí àpáta. Bí ìkùukùu bá bo òru, kò ní dì dáadáa, ìrìn àjò sì ti bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà wọn a jáde ní òkùnkùn, wọn a gun òkè nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì le, wọn a sì yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní wákàtí kúkúrú tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn ni oòrùn kọ́kọ́ ń pa, lẹ́yìn náà gúúsù, lẹ́yìn náà ìwọ̀-oòrùn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, kí gbogbo wọn ti kúrò níbẹ̀. Ọmọ Ọ̀họ̀rí yóò lóye èyí láìsí ògbufọ̀: ilẹ̀ kan náà ni, ọ̀nà ni ní òwúrọ̀, ọ̀fìn ni ní ọ̀sán. Ohun tí ń gba oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa ni ó ń gba wákàtí mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn.

Olúkúlùkù a tún gbé ẹ̀rọ kékeré kan sáyà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi mọ ibi tí ó wà bí òjò dídì bá bò ó, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti ọ̀pá gígùn. Ìwádìí àwọn ará Switzerland tí a tẹ̀ jáde ní 1994 fi hàn pé, nínú àwọn tí a hú jáde láàrin ìṣẹ́jú 15, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó ń yè. Bí ó bá di ìṣẹ́jú 35, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni. Kò sí àkókò láti dúró de àwọn olùgbàlà láti abúlé.

Síbẹ̀, gbogbo èyí kò tíì dáhùn ìbéèrè ọdún 1820. Nígbà tí afinimọ̀nà kò sí, ta ni yóò sọ pé kí a padà? Ian McCammon yẹ ìjàǹbá 715 wò, tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàrin 1972 àti 2003. Ohun tí ó rí kò dùn mọ́ àwọn ọ̀jáfáfá nínú: lórí òkè tí wọ́n ti mọ̀ dáadáa, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ kò mú wọn ṣọ́ra ju àwọn tí kò kọ́ lọ. A ti gun òkè náà rí, àwọn ẹlẹgbẹ́ ń wò wá, kò sí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ ojo. Owó Hamel kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìtìjú ti gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó gbọ́n fi ń ṣe ìpinnu lálẹ́, nígbà tí ara ṣì tutù: wákàtí tí wọn yóò padà, ibi tí wọn yóò ti dúró wò, àti pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní òun kò lọ mọ́, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó kéré jù, gbogbo wọn padà. N kò mọ òfin tí ó ṣòro fún wa ju èyí lọ, àwa tí a kọ́ láti kékeré pé a kì í ta ko àgbà ní gbangba. Kí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Grenoble kọ́ ọ ṣáájú síkì.

Yìnyín Bossons, tí ó gbé àwọn mẹ́ta ọdún 1820 mì, ń sún wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. James Forbes, onímọ̀ ará Scotland tí ó wọn ìrìn yìnyín, ti ṣírò pé wọn yóò yọ ní ìsàlẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún. Ní 1861, òkú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde lóòótọ́, pẹ̀lú aṣọ àti ohun èlò wọn. Ọ̀kan nínú àwọn afinimọ̀nà tí ó yè lọ́jọ́ náà ṣì wà láàyè; ó ti darúgbó. Wọ́n mú un wá wò wọ́n, ó sì dá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀.