Lékeléke kò sá fún òtútù: àtúnṣe sí ohun tí mo kọ ní èṣí

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbèsè kan wà lọ́rùn mi. Ní Dìsẹ́ńbà èṣí mo kọ ọ́ síbí pé ilẹ̀ Òyìnbó ni àwọn lékeléke tó ń bo pápá Ìjẹ̀bú-Òde lásìkò ọyẹ́ ti ń bọ̀, pé òtútù ló ń lé wọn. Ẹ pín in káàkiri. Irọ́ ni, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ pa á.

Ìyá Àgbà ló ká mi mọ́ ọn. Mo ń ka ọ̀rọ̀ náà fún wọn tìyangàn-tìyangàn, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, òkè Ọya ni wọ́n ti ń bọ̀. Mo bá wọn nílé wọn rí."

Obì ni Ìyá Àgbà tà nígbà èwe wọn. Wọ́n á di gbànja Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ewé tútù bò ó, ó di ọkọ̀ ojú irin, ó di Kánò. (Láti 1912 ni ojú irin ti dé Kánò.) Ìgbà òjò kan ni wọ́n rí igi tí lékeléke kọ́ ìtẹ́ kún bí ọjà. Wọ́n ní orí àwọn ẹyẹ náà dà bí ẹni fi epo pupa ra á, àyà náà bẹ́ẹ̀. "Funfun tí ẹ ń rí níbí, aṣọ ìrìnàjò ni. Aṣọ ìyàwó wọn ń bẹ nílé."

Mo lọ wádìí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Lékeléke máa ń pa àwọ̀ dà tí ìgbà ẹyin bá tó. Òkè ló ti ń pamọ nígbà òjò. Tí ibẹ̀ bá gbẹ, tí tata ò sí mọ́, á sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa ní bí Oṣù Kẹwàá tàbí Ìkọkànlá. Ní 1973, J. H. Elgood tó ti kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti Fry àti Dowsett, tẹ ìwádìí jáde lórí irú àwọn ẹyẹ Áfíríkà tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí ní Nàìjíríà. Ìyá Àgbà ò ka ìkankan níbẹ̀ o.

Ẹyẹ tó ń sá fún òtútù wà ṣá. Alápàńdẹ̀dẹ̀ kan ń ti Yúróòpù wá. Ọ̀pọ̀ wọn ń sùn ní Boje, ní Cross River. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn ò tètè mọ ibi tí ẹyẹ wọn ń lọ, àwọn kan tiẹ̀ rò pé abẹ́ omi ló ń sùn sí. Ní 1822, ní Klütz ní Jámánì, wọ́n pa ẹyẹ stork kan tó gbé ọ̀kọ̀ Áfíríkà sọ́rùn fò délé. Ẹ rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo ṣìnà.

Èyí tó mú mi dákẹ́ rèé: láàárín 1877 sí 1882, wọ́n rí lékeléke ní Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó fò sọdá òkun láti Áfíríkà ni. Ní 1953, ó ti ń kọ́ ìtẹ́ ní Florida. Òkun yẹn náà ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa gbà. Ní nǹkan bí 1505 sí 1508 ni Duarte Pacheco Pereira, ọmọ Pọtogí, ti kọ ọ́ pé Ìjẹ̀bú jẹ́ ìlú ńlá tí yàrà yí ká, tí wọ́n ti ń ra ẹrú àti eyín erin. Lékeléke ò rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kankan ní tirẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà nígbà kan, wọ́n máa ń fi ìbọn díje pa ẹyẹ nígbà Kérésìmesì. Ní 1900 ni Frank Chapman ní kí wọ́n kà wọ́n dípò kí wọ́n pa wọ́n. Èèyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló jáde lọ́jọ́ Kérésì yẹn. Títí di òní, wọ́n ń kà á lọ́dọọdún.

Ni èmi àti Ìyá Àgbà náà bá gbé àga síta láàárọ̀ Kérésì. Wọ́n ti ta ìdajì pápá iwájú ilé wa. Iyanrìn àti búlọ́ọ̀kù ló kún ibẹ̀. Mo ka lékeléke mẹ́rìnlélógún. Ìyá Àgbà ní rárá, márùndínlọ́gbọ̀n ni, ọ̀kan wà lẹ́yìn òkìtì iyanrìn. Mo dìde lọ wò ó. Ó wà níbẹ̀.