Kẹ̀kẹ́ ọmọ àtijọ́: bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di tuntun, àti ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ọmọ tó wọ inú ẹ̀

Bí èèyàn bá yà síbi tí wọ́n ti ń ta ọjà tòkunbọ̀ ní Àkúrẹ́ tàbí nílùú Oǹdó, láàárín fíríìjì, fáànù àti bẹ́ẹ̀dì ọmọdé, ó lè rí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ ọwọ́ kiri. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni èyí tó ṣeé ká pọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni èyí tó dàgbà gan-an máa ń yọjú: ẹsẹ̀ mẹ́rin ńlá tó ní sípóòkù bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere, irin tó ti dán rí, ìbòrí tó ṣeé ká sẹ́yìn. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ìbòrí ẹ̀ ti ya, àmọ́ egungun ẹ̀ ṣì le.

Nílùú òyìnbó, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi ń gbafẹ́ ni kí wọ́n máa wá irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kiri, kí wọ́n sì tún un ṣe títí yóò fi dà bí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rà á. Ó ṣeé ṣe níbí náà, torí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó lè ṣe é wà ládùúgbò. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ pinnu ni bóyá kẹ̀kẹ́ náà máa dúró sí pálọ̀ fún ìwòran, tàbí ọmọ máa wọ inú ẹ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ méjèèjì ò jọra.

Ibi tí kẹ̀kẹ́ ọmọ ti wá

Ní 1733 ni William Kent, ará England, ṣe kẹ̀kẹ́ ọmọ kan fún àwọn ọmọ Duke ti Devonshire. Ẹran ni wọ́n ṣe é fún láti máa fà, kì í ṣe èèyàn. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí èèyàn ń tì látẹ̀yìn. Ní 1877, William Wilson dá ilé iṣẹ́ Silver Cross sílẹ̀ nílùú Leeds, orúkọ yẹn ló sì gbajúmọ̀ jù lónìí láàárín àwọn tó ń wá kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ William Richardson, ará Baltimore, gba ìwé àṣẹ ní 1889 lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n lè yí ibùsùn ẹ̀ padà, kí ọmọ lè kọjú sí ẹni tó ń tì í.

Owen Maclaren ló yí gbogbo ẹ̀ padà. Ẹnjiníà ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ rí lórí ẹsẹ̀ tí bàálù ogun Spitfire fi ń balẹ̀. Ní 1965 ló mú kẹ̀kẹ́ onírin fúyẹ́ kan jáde tó ń ká pọ̀ bí agboòrùn. Látìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lójú títì.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ń gbé, ọ̀já ló sì ń gbé e dúró. Títí di òní, ìyá àgbà ò ní í fara mọ́ ọn kí wọ́n máa ti ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kiri nínú irin. Ọ̀nà wa pẹ̀lú ò ràn án lọ́wọ́: gọ́tà, kòtò, yanrìn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nílé ẹlòmíì, aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ní orí okùn ni wọ́n ń kó sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ká sòótọ́, bí ẹ bá fẹ́ ti kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ tó rí gbágungbàgun, ti àtijọ́ tó ní ẹsẹ̀ ńlá àti sípíríǹgì sàn ju ọ̀pọ̀ ti ìsinsìnyí tí ẹsẹ̀ wọn ò ju ọwọ́ ọmọdé lọ.

Àjọṣe àwọn èèyàn wa pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ yìí tún wà lọ́nà míì. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, lọ kàwé ní Britain. Iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ wọ̀ wọ́n lọ́rùn débi pé àwọn míì gbé ọmọ wọn fún ìdílé òyìnbó láti bá wọn tọ́. Wọ́n tiẹ̀ máa ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World láti fi wá ẹni tó máa gbà á. Tòkunbọ̀ ni wọ́n ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó wá padà wálé. Lónìí, orúkọ yẹn ti di ti mọ́tò àti fíríìjì.

Kí ẹ tó tú u

Ẹ yí kẹ̀kẹ́ náà dorí kodò, kí ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ mọ́. Bí ara ẹ̀ bá jẹ́ pákó, ẹ fi ọ̀bẹ gún igun ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ikán bá ti jẹ á gba ọ̀bẹ wọlé bí ẹ̀kọ. Pákó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò, ọ̀dà ò lè gbà á là.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ìhà ẹ̀ kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ń kú síbí: wọ́n tú u lọ́jọ́ kan, oṣù mẹ́ta kọjá, kò sẹ́ni tó rántí ibi tí síkúrúù wo ti wá. Abọ́ kan fún iwájú, abọ́ kan fún ẹ̀yìn, ó tó.

Ìpẹtà àti irin tó ń dán

Òjò Oǹdó kì í fi irin ṣeré. Ìpẹtà tó wà lójú irin nìkan ṣeé fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ yọ. Kíkan ọsàn yẹn ló ń jẹ ìpẹtà. Fún irin tó ń dán, ẹ rún fóìlì tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ, ẹ rì í bọ omi, kí ẹ fi máa nù ún jẹ́jẹ́. Á mọ́ láìha ojú irin náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ pátápátá, kí ẹ sì fi òróró díẹ̀ pa á lára.

Irin tí ìpẹtà bá ti jẹ wọnú di ti wẹ́dà. Kò sí ọgbọ́n míì. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí ibi tó ti lu, kí ẹ wá kun ọ̀dà lé e.

Ọ̀dà ni ewu tí ojú ò rí

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́, irú òjé tó wà nínú bátìrì mọ́tò. Ní 1978 ni Amẹ́ríkà tó fòfin dè é lára ohun èlò ọmọdé àti nínú ọ̀dà ilé. Bí òjé bá wọ inú ọmọ kékeré, ọpọlọ ló ń bà jẹ́, ohun tó bá sì ti bà jẹ́ níbẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò. Orílẹ̀-èdè yìí mọ̀ ọ́n: ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, eruku òjé tó jáde látinú iṣẹ́ wíwa wúrà pa ọmọdé tó ju 400 lọ.

Ọmọ tí eyín ń yọ nìyẹn, ẹnu ló máa fi ń gé etí kẹ̀kẹ́. Nítorí náà, ẹ gbà pé òjé wà nínú ọ̀dà kẹ̀kẹ́ àtijọ́ èyíkéyìí, bó ti wù kó dán tó. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á, torí eruku náà gan-an ni májèlé. Omi ni kí ẹ fi máa rin ín bí ẹ bá ń ha á, níta gbangba, kí ẹ bo imú, kí aboyún àti ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Ẹ gbá èérún ẹ̀ jọ sínú ọ̀rá, kí ẹ má ṣe gbá a sínú gọ́tà tàbí ibi tí adìyẹ ń jẹ̀ sí. Ẹ fọ aṣọ tí ẹ fi ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀.

Kíkun ọ̀dà tuntun lé ti àtijọ́ lórí á mú kó lẹ́wà, ó sì tó fún èyí tó máa dúró sí pálọ̀ tàbí tí ayafọ́tò máa fi ya ọmọ tó jókòó síwájú ẹ̀. Kò tó fún èyí tí ọmọ máa wọ̀, torí ọ̀dà òkè á bó lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹ bi í léèrè bóyá ó kọ́kọ́ yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò.

Ẹsẹ̀, awọ àti ìbòrí

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe àdúgbò lè na sípóòkù tó ti wọ́. Táyà rẹ̀ kì í gba atẹ́gùn. Okùn rọ́bà ni, wáyà sì gba àárín ẹ̀ kọjá láti so orí méjèèjì pọ̀. Ẹ wọn àyíká ẹsẹ̀ náà dáadáa kí ẹ tó gé rọ́bà.

Àwọn kan nínú kẹ̀kẹ́ ńlá yìí ò jókòó lórí irin ní tààrà. Bẹ́líìtì awọ mẹ́rin ló gbé wọn kọ́ sára sípíríǹgì, ìyẹn ló sì ń mú kí wọ́n máa jó jẹ́jẹ́. Awọ náà ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Aránbàtà tó mọṣẹ́ lè ṣe òmíràn, kó sì rán an ní ìlọ́po méjì. Ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá já lójú títì, ẹ̀gbẹ́ kan ni kẹ̀kẹ́ máa dà sí.

Ní ti ìbòrí, àwọn tó ń rán ìjókòó ọ̀kadà ní lẹ́dà àti ẹ̀rọ tó lè gún un. Ẹ má ju ìbòrí tó ya nù kí wọ́n tó fi gé tuntun, torí òun ni àpẹẹrẹ wọn. Fóòmù inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kó le díẹ̀, kó sì kún inú ibùsùn náà láìṣẹ́ àlàfo sílẹ̀ tí imú ọmọ lè há sí.

Bí ọmọ bá máa wọ̀ ọ́

Ẹ kó ẹrù tó wúwo ju ọmọ lọ sínú ẹ̀, ẹ gbé e sórí ìdagẹ̀rẹ̀, kí ẹ fa bíréékì. Bó bá yọ́ díẹ̀ péré, bíréékì náà ò ṣiṣẹ́. Ẹ fa bẹ́líìtì tó ń de ọmọ tagbáratagbára. Òwú àtijọ́ máa ń jọ pé ó le títí dìgbà tó bá já.

Fún èyí tó ń ká pọ̀, ojú ibi tó ti ń ṣẹ́ ni kí ẹ wò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, ilé iṣẹ́ Maclaren kéde ìpadàbọ̀ kẹ̀kẹ́ bíi mílíọ̀nù kan ní Amẹ́ríkà, torí pé ojú ibẹ̀ ti gé orí ìka ọmọdé méjìlá. Wọ́n fún àwọn tó ní i ní ohun tí wọ́n á fi bo ibẹ̀. Tòkunbọ̀ lè wọlé láìní ìbòrí yẹn, ẹni tó ń tà á ò sì ní í mọ̀. Ẹ fi aṣọ tó nípọn rán nǹkan bò ó, kí ọmọ sì jìnnà nígbà tí ẹ bá ń ṣí i tàbí tí ẹ ń ká a.

Nínú oòrùn, ẹ má fi aṣọ bo ojú kẹ̀kẹ́ pátápátá. Atẹ́gùn ò ní í rí ọ̀nà wọlé, inú ibẹ̀ á sì gbóná kíákíá.

Títọ́jú ẹ̀

Ẹ gbé e síbi gbígbẹ, kúrò lórí ilẹ̀ tí ikán ń gbà. Aṣọ ni kí ẹ fi bò ó, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá ń pa omi mọ́ sínú. Bí ti ìwòran ni, ẹ fi ọ̀dà kọ ọ́ sí abẹ́ ẹ̀ pé ọmọ ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì kọ ọdún tí ẹ tún un ṣe sí i, torí ẹlòmíì lè rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá tà á fún.