Ère Ọba Jájá àti Ère Emotan

Ẹ̀yin ará, àwa tí à ń gbé Port Harcourt kì í ṣe àjèjì sí ère. Ta ni kò tíì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọgbà Isaac Boro rí? Bí ẹ bá sì dé ìlú Òpóbò, ní Ìpínlẹ̀ Rivers wa níbí, ẹ ó rí ère Ọba Jájá. Ní 1891 ni Jájá kú. Nígbà tó fi máa di 1903, wọ́n ti gbé ère rẹ̀ nàró. Ọdún 12 péré.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ti obìnrin. Bí a bá ń lọ sílé, Bìní ni ọkọ̀ wa máa ń gbà. Níwájú Ọjà Ọba níbẹ̀, ère idẹ obìnrin kan wà, Emotan lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe olorì, kì í ṣe ọmọ ọba. Ọjà ló ń tà. Ìtàn Bìní sọ pé nígbà tí àwọn ọ̀tá ń wá ẹ̀mí Ọmọọba Ogun, Emotan ló ta á lólobó, tó sì dúró tì í títí ó fi gorí ìtẹ́ ní nǹkan bí 1440. Òun ni Ọba Ewuare. Nígbà tí Emotan kú, ọba gbin igi síbi tó ti ń tajà. Ó di 1954 kí Ọba Akenzua Kejì tó ṣí ère rẹ̀, èyí tí John Danford, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ṣe. Ẹ ṣírò ó wò: ó lé ní 500 ọdún!

Mọremí wa ńkọ́? Ó fi ara rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tá nítorí Ifẹ̀, ó sì fi Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, san ẹ̀jẹ́. Síbẹ̀, 2016 ni Ọọ̀ni Ògúnwùsì tó gbé ère ńlá rẹ̀ nàró.

Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n pa run látọjọ́ yìí wá? Ẹnu ìyá tó ń sọ fún ọmọ ni, pẹ̀lú ọdún Ẹdì n'Ífẹ̀ àti igi ọjà ní Bìní. Ibi tí ìrántí bá ti wà ni ère ń bá a.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin 1929 fi ń dùn mí. Ní December 16 ọdún náà, létí odò Òpóbò, níbi tó ń jẹ́ Ikot Abasi lónìí, ṣọ́jà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu àwọn obìnrin tó ń fẹ̀hónú hàn nítorí owó-orí. Àwọn tó kú lé ní 30. Gbogbo wa mọ Jájá. Ta ló lè dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn?

Ẹ má jẹ́ kó ṣe àwọn ìyá tiwa bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ jókòó ti ìyá àgbà kan, kí ẹ bi í pé, “Mà, àwọn obìnrin wo lẹ jọ bẹ̀rẹ̀ ìjọ yìí?” Orúkọ tó bá dá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.