Dòjé, Igi Ìrẹ́ àti Igi Rọ́bà

Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń wá orúkọ fún ohun tí àwọn ará ilẹ̀ Ísírẹ́lì fi ń kórè ọkà, dòjé ni wọ́n mú. Wọn kò ṣì í mú, nítorí pé ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ ni dòjé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òǹkàwé tí ó bá ti gbé oko rí yóò mọ̀ pé ọwọ́ ni a fi ń ya àgbàdo. Ara igi ni ọ̀bẹ ẹlẹ́nu títẹ̀ ti rí iṣẹ́ ṣe jù ní apá gúúsù ilẹ̀ wa: lára kòkó, lára obì, lára rọ́bà. Èmi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ìwé mọ̀ ní ọ̀nà kan, tí oko sì mọ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Òun ni mo tọ̀ lẹ́yìn dé Araromi-Obu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀bẹ náà ti ń ṣiṣẹ́. Bí a bá fi ọ̀bẹ tí ó gún gé okùn tàbí ẹ̀ka tútù, ohun tí a ń gé a máa yọ̀ lọ sí ṣónṣó ọ̀bẹ, nígbà mìíràn a bọ́ kúrò lójú rẹ̀ pátápátá. Èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí àgógó àwòdì kì í jẹ́ kí ó lọ. Bí a ti ń fà á sọ́dọ̀ ara wa ni ó ń kó ohun náà sínú títẹ̀ ara rẹ̀, tí ó sì ń gé e. Àwọn ará Róòmù mọ èyí dáadáa. Columella, tí ó kọ ìwé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ìbí Kristi, ka ẹ̀yà ara ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń tọ́jú àjàrà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pe ibi kan lára rẹ̀ ní àgógó, bí ẹni pé ó ti bá wa wo àwòdì pọ̀. Àwọn Faransé ní èyí tí ó kéré, tí a lè ká sínú èèkù kí a sì fi í sápò. Serpette ni wọ́n ń pè é.

Mo ra ọ̀kan tí ó jọ ọ́ ní ọjà Orè. Ìdè rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀bẹ tí ń ká, bí a bá ti ṣí i tán, ó yẹ kí ó dúró gbọnyin. Ẹni tí ń fa ọ̀bẹ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kò fẹ́ kí ó pa ìka òun mọ́nú. Mo tún wò ó bóyá ó tẹ̀ jù. Èyí tí ó bá tẹ̀ jù a máa há sára ohun tí a ń gé, a sì máa ṣòroó pọ́n, nítorí pé òkúta pẹrẹsẹ kò lè wọ inú rẹ̀. Okùn ìwé àti àpò ìrẹsì ni èmi ń fi tèmi gé. Mi ò lè pè é ní iṣẹ́.

Àgbẹ̀ olókòkó ni ó mọ iṣẹ́ dòjé. Òkè orí ọ̀pá gígùn ni a máa ń so ó mọ́ kí a lè fi ká èso tí ó ga. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé kí èso ṣáà ti jábọ́ ni. Ṣùgbọ́n òdòdó kòkó kì í yọ lórí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bí ti ọsàn. Ara igi gan-an ni ó ti ń yọ, ojú ibi tí èso ti já lọ́dún yìí ni òdòdó ọdún mìíràn yóò sì tún ti yọ. Bí dòjé bá ya ojú náà, a kì yóò rí nǹkan ká níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà ọrùn èso ni a ń gé, a ó sì fi díẹ̀ sílẹ̀ lára igi. Àwọn bàbá wa kọ́ èyí kíákíá, nítorí pé tiwọn ni igi náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn; mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Araromi-Obu wà, Orè sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Bí a bá dárúkọ Orè, ogun ọdún 1967 ni ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogun kọ́ ni mo bá débẹ̀. Orúkọ Araromi alára kò ṣòroó túmọ̀: ẹni tí ó rìn jìnnà, tí ó wá rí ilẹ̀ tí ó dára, ni ń wí pé ara rọ̀ mí. Oko rọ́bà ńlá wà níbẹ̀, igi tò lọ rẹrẹ títí ojú kò fi tó òpin rẹ̀ mọ́. Mo lọ kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ jọ lẹ́nu àwọn tí ń dá rọ́bà, àgbàlagbà kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà sì gbà mí láàyè láti tẹ̀ lé òun. Bàbá ni mo ń pè é. Tíṣà ni òun ń pè mí.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi wọ oko, iná tọ́ọ̀ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni oje máa ń tú jáde jù, nígbà tí omi ṣì kún inú igi. Bí oòrùn bá ti mú, ìṣàn rẹ̀ a dínkù. Ọ̀bẹ tí ó mú lọ́wọ́ kéré. Ṣónṣó rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ padà sókè tí ó fi ní ètè méjì, bí ìgbà tí a ṣẹ́ etí ewé po: ètè kan ń gé ìsàlẹ̀ ojú ilà, èkejì ń gé ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí inú igi. Irú tí a ń fà wà, irú tí a ń tì sì wà fún ojú ilà tí ó ga. Kí Bàbá tó fọwọ́ kan igi kankan, ó pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ lórí òkúta kékeré kan, ó sì dán an wò lára èékánná rẹ̀. Ó ní ọ̀bẹ tí ó kú burú ju èyí tí ó mú lọ, nítorí pé èyí tí ó kú ń fẹ́ agbára, ibi tí agbára bá sì ti wọ̀ ọ́, ọwọ́ kò mọ ibi tí yóò dúró sí mọ́.

Ibi tí ọwọ́ yóò dúró sí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà. Èèpo gbígbẹ ni ó wà lóde igi rọ́bà. Èèpo tútù tẹ̀ lé e, inú rẹ̀ ni àwọn iṣan oje wà. Lẹ́yìn èyí ni awọ tín-ín-rín kan tí igi fi ń dàgbà, kí a tó wá kan igi fúnra rẹ̀. Bí a ti ń súnmọ́ awọ náà ni iṣan oje ń pọ̀ sí i. Ẹni tí kò bá gé e jinlẹ̀ tó, oje díẹ̀ ni yóò rí. Ẹni tí ó bá sì kan awọ náà ti dá igi lọ́gbẹ́. Nǹkan bí mìlímítà kan péré ni ó yẹ kí ó kù láàárín ọ̀bẹ àti awọ náà. Láti apá òsì lókè ni ilà ti ń sọ̀ wá sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀, nítorí pé àwọn iṣan oje dagun díẹ̀ sí òdì-kejì, ilà tí ó bá sọ̀ báyìí ni ó sì ń gé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Igi kò sì yẹ ní dídá rárá títí ìwọ̀n àyíká rẹ̀ yóò fi tó bí 50 sẹ̀ǹtímítà, èyí tí ó lè gba ọdún mẹ́fà tàbí méje. Bí a bá gé e dáadáa, èèpo mìíràn yóò hù bo ojú náà, a ó sì tún lè padà dá a lọ́jọ́ iwájú.

Mo ní kí Bàbá jẹ́ kí n dán an wò. Ó wò mí díẹ̀ kí ó tó gbé ọ̀bẹ fún mi. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, ó yá. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀bẹ náà sì wọlé lọ. Oje tú jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú mi dùn, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Bàbá na ọwọ́ rẹ̀. “Tíṣà, ẹ fún mi lọ́bẹ. Ẹ ti dé egungun.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ìtàn igi ìrẹ́ pẹ̀lú ojú mìíràn. Kí rọ́bà ilẹ̀ Bùràsíìlì tó gbilẹ̀ níhìn-ín, igbó wa ní igi rọ́bà tirẹ̀, ìrẹ́ sì ni. Lẹ́yìn tí Dunlop ti ṣe táyà onífẹ́ẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ní 1888, gbogbo ayé ń wá rọ́bà. Nígbà tí Gilbert Carter jẹ́ gómìnà ní Èkó, wọ́n mú àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà wá láti Gold Coast kí wọ́n lè kọ́ àwọn ènìyàn wa. Ní ọdún 1895, rọ́bà tí ó ti Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ìwọ̀n pọ́n-ùn, bẹ́ẹ̀ ni kò tó nǹkan ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Àdá ni ọ̀pọ̀ fi ṣe é. Wọ́n sán ilà láti ìdí igi títí dé ibi tí ọwọ́ lè dé lókè, wọ́n sì sán an wọ inú igi. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ìrẹ́ ti kú lọ jàra nínú igbó, owó náà sì ti bá a lọ. Ní 1899 ni ìjọba ya igbó Olókemèjì sọ́tọ̀ pé òun ń dáàbò bo igi.

Àwọn òyìnbó amúnisìn gbà pé àìmọ̀kan àwọn ọmọ ilẹ̀ ni ó pa ìrẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ní adẹ́mu tí ń dá ọ̀pẹ lóòró, tí ọ̀pẹ náà kò kú. Ilẹ̀ tí ó ní olóolà tí ń fi abẹ kọ ilà sójú ọmọ ọwọ́, tí awọ gbà á, tí egbò sì jinná, kò ṣe aláìmọ̀ ibi tí irin yẹ kí ó dúró sí. Àmọ́ ọmọ ní ìyá, ọ̀pẹ sì ní olóko. Ta ni ó ni ìrẹ́? Kò sẹ́ni tí ó gbìn ín. Ẹni tí ó bá fi èèpo sílẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn yóò débẹ̀ lọ́la gé e kù, owó tí àwọn oníṣòwò ń san ní etí òkun kò sì fún ẹnikẹ́ni láàyè láti dúró. Mo gbà pé ìwà igi náà dá kún un: bí a bá tún ojú ilà ìrẹ́ gé lọ́jọ́ kejì, kì í sun oje bíi ti rọ́bà Bùràsíìlì.

Ìwà rọ́bà Bùràsíìlì yìí ni Henry Ridley, tí ó di olórí ọgbà ohun ọ̀gbìn ní Singapore ní 1888, fara balẹ̀ wò. Henry Wickham ni ó kó irúgbìn rẹ̀ láti Bùràsíìlì lọ sí Kew ní 1876. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ igi rẹ̀ méjìlélógún ni ó dé Singapore. Àáké kékeré ni wọ́n fi ń ṣá a ní Bùràsíìlì. Ridley fi hàn pé bí a bá ń há ojú ilà kan náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, oje a máa pọ̀ sí i, igi kò sì ní kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀bẹ ẹlẹ́nu títẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àáké. Síbẹ̀, nígbà tí Japan gba Malaya ní 1942, tí rọ́bà wọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì, inú igbó wa ni wọ́n tún ní kí a padà sí, sí ìrẹ́ àti àwọn ìtàkùn olóje.

Mo bi Bàbá bóyá ọ̀bẹ dáadáa ti tán ìṣòro náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí a bá ń sanwó fún ẹni tí ń dá rọ́bà lórí ìwọ̀n oje tí ó bá kó wá, tí ọmọ rẹ̀ sì ń ṣàìsàn nílé, ọwọ́ rẹ̀ yóò wúwo láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀bẹ yòówù kí ó dì mú. Nítorí èyí ni alábòójútó fi ń ka ọgbẹ́ lára igi.

Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́rin, mo tún gba Araromi-Obu kọjá, mo sì ní kí wọ́n mú mi dé ìlà igi náà. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí ìlú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni mo bá níbẹ̀. Èèpo tuntun ti hù bo ibi tí Bàbá dá, ó ń dán. Láàárín rẹ̀ ni kókó kan yọ síta, ó tóbi tó ìkúùkù ọmọdé, ó le bí òkúta. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà ohun tí ó fà á. Ó ní ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ ni ó gé e, òun kò mọ ẹni náà, ọ̀bẹ òun kì í sì í lè kọjá níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sínú ọkọ̀.