Lílọ Sókè àti Bíbọ̀ Wálẹ̀ Ìwọ̀n Ara Nígbà Tí A Bá Bẹ̀rẹ̀ Ìṣọ́ra Oúnjẹ àti Eré Ìdárayá

Ìwọ̀n ara ènìyàn kì í dúró sójú kan. Láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo, ó lè fi kìlógíráàmù kan sí méjì lọ sókè tàbí kí ó wálẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀rá ara pọ̀ sí i tàbí pé ó dín kù. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gbìyànjú láti dín ara kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí ìrora orúnkún mọ èyí dájú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé làálàá òun já sí asán, kí ó sì pa ìgbìyànjú tó ń ṣe é láǹfààní tì. Ó sì tún lè sáré lọ gbé oògùn tí yóò pa á lára.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ará Àgọ́ Aláyè àti gbogbo agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbó gidigidi. Ọ̀rẹ̀, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odìgbó, wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bìní. Awakọ̀ àti ọlọ́jà ibẹ̀ a máa jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń jẹ. Ní ti àgbẹ̀ oníkòókò, ọlọ́pẹ àti ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, iṣẹ́ a máa pọ̀ lásìkò kan, a sì máa dín kù lásìkò mìíràn. Bí ìjókòó, oúnjẹ àti iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe ń yí padà ni ohun tí òṣùwọ̀n ń sọ náà ń yí padà.

Ohun tó ń yí ìwọ̀n ara padà

Omi ni ó ń fa èyí tó pọ̀ jù. Lítà omi kan wúwo tó kìlógíráàmù kan. Ẹni tó bá mu omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì gun òṣùwọ̀n lójú ẹsẹ̀, yóò rí i pé ìwọ̀n òun ti fi kìlógíráàmù kan lé sí i. Bákan náà, ẹni tó ro oko nínú oòrùn lè fi òógùn pàdánù tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì gbà á padà nígbà tó bá mu omi.

Èkejì ni ṣúgà tí ara ń tọ́jú pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní glycogen. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń di omi bí gíráàmù mẹ́ta mú. Nígbà tí a bá dín ẹ̀bà, fùfú, iyán àti ìrẹsì kù, ara yóò kọ́kọ́ ná ṣúgà yìí, omi tó bá a rìn yóò sì jáde. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n ara fi máa ń já wálẹ̀ kíákíá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó sì máa ń rọ̀ lẹ́yìn náà. Ìrọ̀sílẹ̀ yìí kò túmọ̀ sí pé ìṣọ́ra oúnjẹ kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni iyọ̀. Ara a máa di omi mú nígbà tí iyọ̀ bá pọ̀ nínú oúnjẹ. Ọbẹ̀ tí a fi èròjà amọ́bẹ̀dùn oníyọ̀ sè dáadáa tàbí oúnjẹ òde àríyá ọjọ́ Sátidé lè gbé ìwọ̀n ara sókè di ọjọ́ Ajé. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí iyọ̀ tí yóò jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí ìpo-tíì kan lọ.

Ẹ̀kẹrin ni eré ìdárayá fúnra rẹ̀. Iṣan tí kò mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ a máa ro ènìyàn, a sì máa wú díẹ̀ fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, nítorí pé omi ń lọ síbẹ̀ láti tún un ṣe. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá lè tipa bẹ́ẹ̀ wúwo sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rá rẹ̀ ń dín kù.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, oúnjẹ tí kò tíì kúrò nínú ìfun àti àìrígbẹ́yà náà ń fi kún ìwọ̀n ara. Ọ̀pọ̀ obìnrin sì máa ń wúwo sí i ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú nǹkan oṣù, omi náà a sì lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Kìlógíráàmù ọ̀rá kan kì í wọlé lóru ọjọ́ kan

Kìlógíráàmù kan ọ̀rá ara ní agbára tó tó nǹkan bíi kálórì 7,700. Gààrí gbígbẹ tó wọn 100 gíráàmù ní nǹkan bíi kálórì 350. Nítorí náà, kí ènìyàn tó lè fi ọ̀rá kìlógíráàmù kan kún ara rẹ̀, yóò jẹ gààrí gbígbẹ tó ju kìlógíráàmù méjì lọ ní àfikún sí gbogbo oúnjẹ tí ara rẹ̀ nílò. Bí òṣùwọ̀n bá fi kìlógíráàmù kan lé sí i láti àná sí òní, omi àti oúnjẹ inú ìfun ni ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Bí a ṣe ń wọn ara kí a lè rí òótọ́

• Ẹ wọn ara yín ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó jẹ tàbí mu ohunkóhun.
• Ẹ lo òṣùwọ̀n kan náà, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le. Ẹ wọ aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì bọ́ bàtà.
• Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, ẹ ro iye ọjọ́ méje pọ̀, kí ẹ sì fi 7 pín in.
• Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n nílé, ẹ wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, ní ọjọ́ àti àkókò kan náà.
• Ẹ fi téèpù wọn ìbàdí yín lóṣooṣù ní ọ̀gangan ìdodo. Ewu àìsàn ọkàn àti àtọ̀gbẹ a máa pọ̀ sí i nígbà tí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 94 lọ fún ọkùnrin, tàbí 80 fún obìnrin.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìwọ̀n ẹnì kan jẹ́ 84.0, 83.6, 83.9, 83.2, 83.4, 84.1 àti 83.0. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó jẹ́ 83.5, 83.1, 83.8, 82.9, 82.8, 82.9 àti 82.7. Bí ẹni náà bá fi ọjọ́ tó kẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní wé ọjọ́ kẹta ọ̀sẹ̀ kejì, yóò rò pé òun ti sanra sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá pín in, 83.6 ni ti ọ̀sẹ̀ kìíní, 83.1 sì ni ti ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ti fi ìdajì kìlógíráàmù dín kù. Ìdajì sí kìlógíráàmù kan lọ́sẹ̀ sì ni ìwọ̀n ìdínkù tó dára.

Ohun tí kò yẹ kí a ṣe

Ẹ má ṣe fi ebi pa ara yín nítorí iye tí òṣùwọ̀n sọ lọ́jọ́ kan. Ẹ má ṣe dín omi mímu kù. Ẹ má ṣe lo oògùn ìyàgbẹ́, oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀, tàbí àgbo àti tíì tí wọ́n ń polówó pé ó ń fa ikùn wọlé. Omi lásán ni wọ́n ń lé jáde, ọ̀rá wà níbẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́, tàbí kí wọ́n da ìlù ọkàn rú.

Dípò èyí, ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ sì fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja kún oúnjẹ yín. Ẹ máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ìdajì wákàtí lọ́jọ́ márùn-ún ni èyí.

Ìgbà tó yẹ kí a tètè lọ sí ilé ìwòsàn

• Bí ìwọ̀n ara bá fi kìlógíráàmù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé sí i láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tí ẹsẹ̀ ń wú, tàbí tí èémí ń ṣòro pàápàá lórí ìbùsùn. Ó lè jẹ́ àmì àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín.
• Bí ènìyàn bá ń rù láìgbèrò rẹ̀, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tí ó sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Ó lè jẹ́ àmì àtọ̀gbẹ.
• Bí àyà bá ń dunni tàbí tí òòyì ń kọ́ni lásìkò eré ìdárayá.

Kí aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kọ́kọ́ bá òṣìṣẹ́ ìlera sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ó lè pọn dandan láti tún ìwọ̀n oògùn wọn ṣe. Bí wíwọn ara lójoojúmọ́ bá sì ń kó ìbànújẹ́ báni, kí a fi òṣùwọ̀n sílẹ̀, kí a máa fi ìbàdí, bí aṣọ ṣe ń báni mu àti bí èémí ṣe rọrùn sí i díwọ̀n ìlọsíwájú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ẹ fún ara yín ní ó kéré tán oṣù kan kí ẹ tó pinnu bóyá ohun tí ẹ ń ṣe ń so èso.